Ọ̀kadà Yìnyín Tó Wúwo Ju Ọmọ Mi Lọ

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ráhùn díẹ̀. Gas mọ́tò lásán ni mo lọ rà láàárọ̀ yìí, ni ẹ̀rọ bá ń da ìbéèrè bò mí bí ẹni tó fẹ́ fún mi ní físà. Kí ni zip code mi? Ṣé mo ní káàdì ẹ̀dínwó? Ṣé mo fẹ́ fọ mọ́tò? Ṣé mo fẹ́ rìsíìtì? Mo tẹ̀ ẹ́ pé mi ò fẹ́. Ó ṣì tẹ rìsíìtì ọ̀hún jáde. Kí ló wá ń bi mí fún?

Ó dáa, inú mi ti rọ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń yún mi lẹ́nu gan-an, ọjọ́ Sátidé tó kọjá ló ṣẹlẹ̀ sí mi, ní Denton. Ẹ fìdí kalẹ̀, kò gùn púpọ̀.

Moyọ̀ ni àkọ́bí mi. Nọ́ọ̀sì ni. Dallas níbí la bí i sí, nígbà tí gbogbo wa ṣì wà nínú apartment oníyàrá kan ní Vickery Meadow, tí ará òkè bá sín, àwa la máa ń kí i pẹ̀lẹ́. Ó ti gba iṣẹ́ tuntun báyìí ní ìlú kékeré kan ní òkè Minnesota pátápátá. Mo ní ṣé kò sí aláìsàn mọ́ ní Dallas ni? Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé ó mọ̀ pé òtútù ibẹ̀ ń pa èèyàn? Ó ní òun mọ̀, ìdí tí wọ́n fi ń wá nọ́ọ̀sì nìyẹn. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Ó wá ṣàlàyé pé ẹ̀gbẹ́ adágún odò ni ilé tí òun gbà wà, àti pé ọ̀nà kan gba inú igbó lọ sí ilé ìwòsàn. Tí yìnyín bá ti bo ilẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ ọ̀nà náà mọ́lẹ̀ kí ó le, wọ́n á sì máa gun snowmobile lórí rẹ̀. Èmi ń pè é ní ọ̀kadà yìnyín. Ẹ wo ọ̀kadà tí wọ́n yọ táyà rẹ̀ méjèèjì, tí wọ́n wọ bàtà gígùn méjì fún un níwájú, tí wọ́n wá fi bẹ́líìtì rọ́bà ńlá kan sí i nídìí. Òun nìyẹn.

Mo ní èmi ni màá rà á. Ìyá rẹ̀ ti ra kóòtù. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti bá a wá ilé lórí kọ̀ǹpútà. Kí ló kù fún èmi bàbá? Mi ò lè ní kó má lọ, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí mo lè ṣe kí ọmọ yìí lè máa ti inú igbó yẹn jáde láàyè ni ẹ̀rọ yẹn, mo sì fẹ́ ṣe é dáadáa.

Ẹ óò ní níbo lèèyàn ti ń rí ọ̀kadà yìnyín nínú oòrùn Texas yìí? Èmi náà bi ara mi. Àmọ́ àbúrò Moyọ̀ rí bàbá òyìnbó kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Walt lorúkọ rẹ̀. Minnesota ni wọ́n bí i sí. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ bàjẹ́, ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ni ní yunifásítì ní Denton ní kó wá máa bá òun gbé. Bàbá náà bá kó ọ̀kadà yìnyín méjì dání wá sí Texas! Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe níbí. Ó ní òun náà ò mọ̀, òun kàn ò lè fi wọ́n sílẹ̀ ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èmi tí mo ṣì ní kọ́kọ́rọ́ ilé tí wọ́n ti wó ní Ṣakí nínú dúrọ́ọ̀ mi.

Nígbà tí èmi àti Moyọ̀ débẹ̀, gáràjì rẹ̀ gbóná bí ààrò. Ó ká tapólì kúrò, àwọn méjèèjì jókòó síbẹ̀, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa. Walt bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó ní dúdú fi ọgọ́rùn-ún pound àti díẹ̀ wúwo ju pupa lọ. Lórí ọ̀nà tó ti le, ìwúwo yẹn dára, kì í jẹ́ kó máa ta sókè sódò, èèyàn á jókòó lé e bí ẹni jókòó sí pálọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá fi lè yà kúrò lójú ọ̀nà bọ́ sínú yìnyín rírọ̀, á rì. Pupa máa ń gbọn èèyàn díẹ̀, kò sì gbóná tó dúdú lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́.

Ṣé mo gbọ́ gbogbo ìyẹn? Mo gbọ́ ọ. Ṣé ó wọlé? Mo ti lọ sí ìdí dúdú, mo bẹ̀rẹ̀, mo di irin ẹ̀yìn rẹ̀ mú, mo gbé e. Ó gbéra díẹ̀, ẹ̀yìn mi náà sì ké. Mo nàró, mo ní eléyìí ni original, eléyìí la máa mú. Mo na ọwọ́ sí Walt.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ta ló ra áyọ́ọ̀nù rí láì kọ́kọ́ gbé e wò lọ́wọ́?

Ẹnu iṣẹ́ bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ. Ó ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ní Ṣakí. Nígbà tí ìwé fi mí sílẹ̀ ní fọ́ọ̀mù tíríì (ẹ má sọ pé èmi ni mo fi ìwé sílẹ̀), ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo wá jókòó sí. Títí di òní, tí mo bá gbóòórùn gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ táyà, inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni mo wà. Bàbá mi á ní kí n di ojú, á fi pẹ́dàlì kan sí ọwọ́ ọ̀tún mi, á fi òmíràn sí tòsì, á bi mí pé èwo ló máa pẹ́. Ó ní irin tó bá fúyẹ́, òpùrọ́ ni. Tí mo bá mú èyí tí kò dáa, kò ní lù mí. Á kàn ní kí n so ó mọ́ kẹ̀kẹ́ oníbàárà bẹ́ẹ̀. Tí oníbàárà bá padà wá bú èèyàn lọ́sẹ̀ kejì, èmi ló máa tọ́ka sí.

Ọkùnrin yẹn ò ráyè ẹnikẹ́ni. Láti àárọ̀ di alẹ́, èèyàn kún ṣọ́ọ̀bù. Tó bá délé, á jẹun, á sùn. Àmọ́ ọgbọ́n ìwúwo yẹn, ó fún mi. Mo fi yan ìkòkò, mo fi yan fóònù. Ẹ má gbàgbé pé forklift ni mo ń wà ní ibi ìkẹ́rùsí kan ní Duncanville. Ẹrù tí mo ń fọ́nnu pé ó wúwo látàárọ̀, ẹ̀rọ ló ń bá mi gbé e.

Walt ò tíì gba ọwọ́ mi o. Ó bi mí jẹ́ẹ́ pé ta ló máa gùn ún, àti pé ta ló máa wà pẹ̀lú ẹni náà. Mo ní ọmọ mi ni. Ó wo Moyọ̀. Moyọ̀ jọ ìyá mi, kò ga kọjá èjìká mi. Bàbá náà ní kó lọ sídìí ẹ̀rọ kó gbé e wò bí mo ṣe gbé e, torí lọ́jọ́ tó bá rì, ìdí rẹ̀ lèèyàn á gbé yà sí ibi tó le kí ó tó lè jáde.

Moyọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó fà á. Dúdú ò mira. Ó bọ́ súwẹ́tà, ó tún fà á, òógùn bò ó. Kò gbéra rárá. Ó lọ sídìí pupa, ó mí kanlẹ̀, ó gbé e. Kò rọrùn, mo rí i lójú ẹ̀, àmọ́ ó gbéra, ó sì yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ ò rí i pé ó yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀? Mi ò dákẹ́. Mo ní kò ní rì. Mo ní èyí tó fúyẹ́ ló máa ń gbé èèyàn ṣubú. Mo ní àwọn èèyàn á máa kọjá, wọ́n á ràn án lọ́wọ́. Láti ọmọ ọdún mẹ́ta ni Moyọ̀ ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ yẹn, ó yíjú sí mi, Yorùbá ló sọ.

"Daddy, nínú igbó yẹn, tó bá ṣubú, ta ló máa bá mi gbé e?"

Ṣé kí n ní èmi ni? Láti Dallas? Pẹ̀lú forklift?

Ibẹ̀ ni mo ti rántí kẹ̀kẹ́ ìyá mi. Agbẹ̀bí ni ìyá mi, ní dìsípẹ́ńsárì abúlé kan lódìkejì odò. Bàbá mi to kẹ̀kẹ́ kan fún un, ó di ojú yan irin rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó wúwo tó o nígboro Ṣakí. Èmi ni mo fi òróró nù ún. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí Màámi fẹsẹ̀ rìn wálé, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Ó ní kẹ̀kẹ́ ṣubú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò, òun ò lè gbé e. Èmi àti bàbá mi lọ gbé e wálé.

Láti ọjọ́ kejì, bàbá mi fúnra rẹ̀ ló ń fi kẹ̀kẹ́ yẹn gbé Màámi lọ kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, òun náà ló ń lọ gbé e lálẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún! Mo ṣì ń rí wọn: Màámi lórí kárià, gèlè funfun, ọwọ́ kan di báàgì mú, ọwọ́ kejì di ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì bàbá mi mú. A máa ń gbọ́ ohùn wọn kí a tó rí wọn.

Nínú gáràjì yẹn, ohun tí mo sọ fún ara mi ni pé bàbá mi ṣe àṣìṣe, ó sì fi itan ara rẹ̀ san án. Ó lè san án, torí òdìkejì odò ni ìyàwó rẹ̀ ń lọ. Tèmi ń lọ Minnesota. Mi ò ní itan tó gùn tó bẹ́ẹ̀.

Mo ní kí Walt jẹ́ ká mú pupa. Ìgbà yẹn ló tó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó wá jókòó sórí àga, ó ń kọ́ Moyọ̀: kọ́kọ́ fi ṣọ́bìrì wa yìnyín ẹ̀yìn rẹ̀, tẹ orúnkún, má fi ẹ̀yìn gbé e. Moyọ̀ ń fi fóònù ká a sílẹ̀. Èmi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹ̀rọ kẹta tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè.

Ohun tí mo rí kọ́ ò ju báyìí lọ. Ìwúwo dára, mi ò ní sẹ́ bàbá mi. Àmọ́ tí ẹ bá ń ra ohun tó lè ṣubú, ẹ má fi apá tiyín wọ̀n ọ́n. Apá ẹni tó máa dá wà pẹ̀lú rẹ̀ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti rà fún ọmọ tàbí ìyàwó yín rí, tó jẹ́ pé ara yín lẹ rà á fún? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kí n mọ̀ pé mi ò dá wà.

Lánàá, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo pe Màámi ní Ṣakí. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn, mo sì bá bàbá mi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú nítorí kẹ̀kẹ́ yẹn, pé ó wúwo jù fún wọn, a ò mọ̀ ni. Mo rò pé network ti lọ. Àṣé ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, wọ́n rín in títí wọ́n fi húkọ́.

Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé mi ò lè gbé kẹ̀kẹ́ yẹn? Orí rẹ̀ nìkan ni mo ti ń rí bàbá yín bá sọ̀rọ̀."