Idán Yínká Onídísìkì

Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju ọwọ́ rẹ̀ lọ, ẹ lọ wo Yínká ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò Àǹtí Kòfowórọlá ní Sùúrùlérè. Òun ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n ń kó fọ́tò àwọn oníbàárà pamọ́ sí, ó sì ń pe ara rẹ̀ ní Ẹnjiníà. Ta ló fi í joyè? Ẹnu ara rẹ̀ náà ni.

Dísìkì méjì tí fọ́tò wà nínú wọn ló wà níwájú kọ̀ǹpútà náà, wọ́n ṣeé fà yọ bíi dúrọ́ọ̀. Ohun tó wà nínú ọ̀kan ló wà nínú èkejì. Bí ọ̀kan bá kú, wọn kì í pa ẹ̀rọ; wọn á kàn fà á yọ, wọn á ti tuntun bọ ibẹ̀, iṣẹ́ á máa lọ. Ọjọ́ ìṣòro ni wọ́n ṣe é fún. Ṣùgbọ́n Yínká sọ ọ́ di idán pípa. Bí àlejò bá ti wọlé báyìí, á fa ọ̀kan yọ, á gbé e sókè: "Ẹ wò ó, ó ṣì ń ṣiṣẹ́!" Wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un, òmùgọ̀ á máa yan kiri.

Nígbà tó yá, dísìkì apá òsì kú lóòótọ́. Iná pupa tàn lára rẹ̀, ẹ̀rọ ń ké pìì, pìì. Àǹtí ní kó lọ ra tuntun.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Àǹtí, èkejì ṣì wà."

Ó pa igbe ẹ̀rọ náà, ó mú sítíkà ṣọ́ọ̀ṣì, "Ọdún Ìtura Mi," ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ iná pupa náà kó má baà máa wọ̀ ọ́ lójú. Ìtura dé nìyẹn! Ọ̀lẹ burúkú. Kò pẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ fi gbàgbé ohun tó bò mọ́lẹ̀.

Ni Bàbá Abọ́dúndé, tó ń ta páàtì mọ́tò ní Ládìpọ̀, bá wọlé lọ́jọ́ kan. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ṣọ́ọ̀bù yìí ló sì ya fọ́tò ọjọ́ ìbí tí obìnrin náà ṣe kẹ́yìn. Bàbá ò ní fọ́tò mìíràn tí ìyàwó rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín.

Ṣé kí Yínká tẹ fọ́tò fún bàbá arúgbó? Ó tì o. Ó rí i pé Bàbá ń wo ẹ̀rọ, ni ara bá bẹ̀rẹ̀ sí í yún un.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan hàn yín."

"Ọmọ mi, fọ́tò yẹn ná."

"Kò ní pẹ́!" Ó fa dísìkì apá ọ̀tún yọ, ìyẹn ọ̀kan ṣoṣo tó kù láàyè. Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn. Yínká ta gìrì, dísìkì tí inú rẹ̀ ṣì ń yí já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó balẹ̀ gbàù! Ó he é, ó tì í padà, ó fà á, ó tún tì í. Ó kàn ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, kò jí. Ìgbà yẹn lojú rẹ̀ tó lọ sára sítíkà. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

"Bàbá, ẹ má bínú, ẹ̀rọ yìí ni..."

Bàbá dìde, ó gbé fìlà rẹ̀ dé.

"Fọ́tò ìyàwó mi ni mo wá gbà," ló wí jẹ́jẹ́. "Mi ò wá wòran."