Fìlà Tí Wọ́n Fi Ṣe Sàráà

Èmi fúnra mi ni mo pa orúkọ àbúrò mi rẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà káàánú mi jù.

Ìlú Yerwa nílẹ̀ Kanuri ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù aṣọ bàbá wa. Hausa yọ̀ mọ́ àbúrò mi lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Bí inú bá ń bí i nìkan ló ń rántí èdè bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àwọn oníbọn tó wọṣọ ìjọba kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò wa sínú ọkọ̀, òun náà wà níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ náà kò tíì parí títí dòní.

Àwọn ìyá wọn kó ara wọn jọ, wọ́n ń béèrè ọmọ wọn. Torí pé mo kàwé, èmi ni akọ̀wé wọn. Èmi ni mo kọ orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n kó lọ sínú ìwé kan, èmi ni mo sì ń kọ lẹ́tà sí ìjọba, lọ́dọọdún, láìsí èsì. Nígbà tó yá, àwọn àgbà ìdílé wa ránṣẹ́ láti ilé nílẹ̀ Yorùbá. Wọ́n ní ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù lọ, ká ṣe fìdáù fún un kí ọkàn ìyá rẹ̀ lè balẹ̀. Àwọn tí ọmọ wọn ń jẹun nílé ló rọrùn fún láti pa irú òwe yẹn. Síbẹ̀, àáfà wá, wọ́n ṣàdúà fún òkú tí ẹnikẹ́ni kò rí. Ìyá mi fi gbogbo aṣọ ọmọ rẹ̀ ṣe sàráà.

Nígbà tí mo tún dé ọ́fíìsì ìjọba tí mo ti ń béèrè rẹ̀, ọ̀gá ibẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣebí òun gbọ́ pé a ti ṣàdúà òkú, kí ni mo tún ń wá? Mo délé, mo fi bírò fa ìlà sórí orúkọ rẹ̀. Mo dá ìwé náà padà fún àwọn obìnrin yẹn, mo kó lọ sí àdúgbò Fori.

Lọ́dún yìí, wọ́n ránṣẹ́ pè mí síbi ìrántí tí wọ́n máa ń ṣe ní àdúgbò Umarari. Mo ní n kò lọ, mo sì lọ. Wọ́n jókòó sórí ẹní lábẹ́ igi dógóyárò. Àṣà wọn ni pé ìyá kọ̀ọ̀kan á gbé ohun kan tí ọmọ rẹ̀ máa ń wọ̀ síwájú ara rẹ̀. Bí wọ́n bá pe orúkọ ọmọ, á dáhùn pé, "Bai dawo ba," kò tíì dé. Ọwọ́ òfìfo lèmi jókòó. Wọ́n ń ka ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ, wọ́n sì fo àbúrò mi. Mo bú sẹ́kún, ẹkún tí n kò sun lọ́jọ́ fìdáù.

Ìyá àgbà Kanuri kan tí a ń pè ní Hajja, tí wọ́n gbé ọmọ tirẹ̀ sínú ọkọ̀ kan náà, sún mọ́ mi. Ó tú aṣọ kékeré kan. Fìlà tí àbúrò mi fi kírun Ìtúnu tó kẹ́yìn ló wà níbẹ̀, àmì òógùn iwájú orí rẹ̀ ṣì wà létí fìlà náà.

"Hajja, níbo lẹ ti rí i?"

"Ìyá rẹ ló fún mi níbi sàráà, pé kí n fún ẹni tí kò ní. N kò fún ẹnikẹ́ni. Ba a raba kayan mai rai."

A kì í pín ẹrù alààyè. Èmi tí mo mọ̀wé ti pa á rẹ́. Obìnrin tí kò mọ̀wé kọ̀ jálẹ̀. Ojú tì mí gan-an.

Mo gba bírò, mo tún orúkọ rẹ̀ kọ sísàlẹ̀. Wọ́n pè é. Hajja ló kọ́kọ́ bá mi dáhùn: "Bai dawo ba."

Mo gbé fìlà náà lọ fún ìyá mi. Ó gbé e sí imú.

"Èmi ni mo sin ọmọ mi láìrí òkú rẹ̀," ó ní. "Lọ bá mi hú u."

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé lẹ́tà tuntun lọ sí ọ́fíìsì yẹn. Ọ̀gá náà tún bi mí pé kí ni mo ń wá. Mo gbé fìlà náà sórí tábìlì rẹ̀, mo ní ẹni tó ni ín ni.