Ọjọ́ Tí Kò Sí Bẹ́sìbọ́ọ̀lù

Ìgbà tí mo ṣì kéré, tí a ń gbé Sharpstown ní Houston, iṣẹ́ méjì ni mo máa ń ṣe tí mo bá ti ilé ìwé dé: mo máa ń pa ẹ̀pà, mo sì máa ń túmọ̀ bẹ́sìbọ́ọ̀lù fún bàbá mi. Kékeré tí mo wí yìí kò fi bẹ́ẹ̀ kéré. Mo pẹ́ kí n tó dé Amẹ́ríkà, àárín àwọn ọmọ tí mo jù lọ ni wọ́n fi mí sí ní kíláàsì.

Ibi ìgbọ́kọ̀sí ni bàbá mi ń ṣọ́ kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó mú wọn lápá kan. Òyìnbó arúgbó tí wọ́n jọ ń ṣọ́ ọ ló fi bẹ́sìbọ́ọ̀lù hàn wọ́n. Bàbá mi gbà pé eré tó níyì jù ní Amẹ́ríkà nìyẹn, pé ẹni tó bá gbọ́ ọ ti di ọmọ ìlú. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì rédíò yá ju etí wọn lọ. Màmá mi á yan ẹ̀pà tèèpo-tèèpo, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ilé. Èmi á jókòó ti bẹ́ẹ̀dì bàbá mi, màá máa pa á sí ọwọ́ wọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́, màá máa wí pé, "Ó jù ú. Ó fi igi nà án, kò bà á. Ó tún jù ú."

Eré náà gùn. Eré àwọn arúgbó ni wọ́n ń pè é nílé ìwé wa. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbé sáyà sáré ló ni ọjọ́ Friday. Básíkẹ́ẹ̀tì ló kún ẹnu gbogbo ènìyàn lọ́dún náà, torí ẹgbẹ́ ìlú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife. Lẹ́yìn ilé wa ni àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń gbá a, mo sì ń gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù wọn lójú fèrèsé.

Lọ́jọ́ kan, mo pa rédíò. Mo ní, "Wọn ò gbá lónìí o, Bàbá." Mo bọ́ síta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ kí òyìnbó yẹn tó wá kí wọn, tó ń ròyìn eré àná. Bàbá mi ò nà mí. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń nà mí ti kú. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀.

Kò pẹ́ sí i, àwọn tó ń gbá bẹ́sìbọ́ọ̀lù daṣẹ́ sílẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Mo tan rédíò, mo yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Orin ni, àti ìròyìn ọkọ̀ orí òpópónà márosẹ̀.

"Bàbá, wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ ni."

"O tún ti bẹ̀rẹ̀."

"Mo fi Ọlọ́run búra, Bàbá."

"Máa lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ ń dúró."

Màmá mi bá mi jẹ́rìí. Bàbá mi ní ó ń gbèjà ọmọ rẹ̀ ni. Òyìnbó tí wọn ì bá gbà gbọ́ ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní League City. Wọ́n kọjú sí ògiri. Wọn ò jẹ ẹ̀pà tí mo pa. Nílé ìwé, kò sẹ́ni tó bèèrè ibi tí bẹ́sìbọ́ọ̀lù wọlé sí. Bàbá mi kú kí àwọn tó daṣẹ́ sílẹ̀ tó padà sórí pápá.

Lóde òní, kò sẹ́ni tó nílò ògbufọ̀. Orí fóònù ni àwọn ọmọ mi ti ń wo eré. Kí ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù tó gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ti yí i sí nǹkan mìíràn. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, ilé dákẹ́. Bí eré bá wà, mo máa ń tan rédíò, mo máa ń pa ẹ̀pà sínú abọ́. Ó jù ú, màá wí. Ó fi igi nà án, kò bà á. Mi ò kì í dìde títí wọ́n á fi gbá a tán.