Ọ̀rá Fèyí Nínú Ófùn

Ẹ̀gbọ́n Fèyí ò lè jókòó jẹ́ẹ́. Ṣe ló ń rìn yí ófùn láàbù wa ní Utako ká bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló ń ṣe, èyí tí yóò wà nínú ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì ṣe iná mànàmáná, tí ooru ò sì ní lè bà jẹ́. Ó yẹ kí ọ̀rá náà tutù díẹ̀díẹ̀ nínú ófùn, àmọ́ Ẹ̀gbọ́n kì í dúró. Gbígbóná ló máa ń fà á yọ, á sì sán.

Lánàá, wọ́n mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ò sì ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n bú gbogbo wa, ó fi ọ̀rá sílẹ̀ nínú ófùn, ó fìbínú lọ sílé. Láàárọ̀ òní, ó ṣí ófùn, ó bá ọ̀rá tó gún régé, tí kò sán rárá.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúkú máa pa ófùn fúnra yín, kẹ́ ẹ máa lọ sílé."

"Ẹsẹ̀ mi ò ní gbé mi lọ."

Ló bá ti òmíràn bọ ófùn, ó jókòó, ó ń retí kí wọ́n mú iná lọ. Kai! Iná tó ń lọ lójoojúmọ́ ò ṣẹ́jú.

Nírọ̀lẹ́, mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ófùn ké. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ òṣé Ẹ̀gbọ́n.