Òòfà Ẹ̀rọ Màámi

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún màámi, mo sì dúpẹ́ fún ilé ìwé ìjọ tó fún mi ní ìwé tí màámi fúnra wọn kò mọ̀.

Èmi nìkan ni wọ́n bí, bàbá mi sì ti kú. Ní Ẹdẹ, màámi ń fi ẹ̀rọ lọ ẹ̀lùbọ́ nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Irin ẹ̀rọ a máa bù díẹ̀díẹ̀ sínú ẹ̀lùbọ́, nítorí náà wọ́n ní òòfà kan, dúdú bí èédú, tí wọ́n ń fà káàkiri inú igbá. Ẹ̀rún irin á lẹ̀ mọ́ ọn bí eèrà lára ṣúgà.

Ayé ìjọba ológun ni, ìlú le. Ní yunifásítì, n kò lẹ́ni tí mo lè bá sọ̀rọ̀, mo wá ń kọ ohun tí mò ń kà sí màámi. Akọ̀wé ìjọ ló ń bá wọn ka lẹ́tà. Nínú ọ̀kan, mo kọ ọ́ pé àwọn onímọ̀ kan ń gbèrò láti so jíìnì, ìyẹn àṣẹ tí ara ń tẹ̀ lé, mọ́ ẹ̀rún irin tí ojú kò lè rí, kí wọ́n fi òòfà fà á wọnú jẹjẹrẹ, kó lè pa á. Mo fi kún un pé, "Bíi ti òòfà ẹ̀rọ yín gan-an ni."

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àwọn olùkọ́ wa daṣẹ́ sílẹ̀, mo bá wálé. Lọ́jọ́ kejì, oníbàárà kan láti Sẹ́kọ́nà gbé ẹ̀lùbọ́ padà wá.

"Ìyá ẹlẹ́rọ, ṣé ẹ̀lùbọ́ lẹ lọ̀ fún mi ni àbí ìṣó? Eyín mẹ́ta ló kù lẹ́nu ọkọ mi o, ẹ má sọ ọ́ di méjì!"

Màámi rẹ́rìn-ín ju gbogbo wa lọ. Mo béèrè òòfà.

"Ó ń sinmi," ni wọ́n wí.

Wọ́n gbé agolo tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀lùbọ́ mọ́ra, wọ́n sì yọwọ́ láti tún gèlè wé. Agolo kò jábọ́. Ó lẹ̀ mọ́ wọn lọ́mú òsì.

"Màámi, kí ló wà níbẹ̀?"

Wọ́n jókòó. "Ohun tí o kọ sí mi ni. Kókó kan ti pẹ́ lọ́mú mi. Mo ní bóyá òòfà á fà á jáde. Ọkọ mi, ṣé n ò so ó dáadáa ni?"



A lọ sílé ìwòsàn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Dókítà béèrè ìdí tí wọ́n fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó wá. "Mo ń tọ́jú rẹ̀ nílé ni," ni màámi sọ. Wọn kò dárúkọ lẹ́tà mi.

Wọ́n kú kí ìdaṣẹ́sílẹ̀ tó parí. Nígbà tí mo padà sí yunifásítì, kò sẹ́ni tí n ó kọ lẹ́tà sí mọ́.

Iṣẹ́ òòfà àti jíìnì yẹn gan-an ni mò ń ṣe lónìí. Mo ń gbé àwo tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ wà nínú rẹ̀ ka orí òòfà, kí ẹ̀rún irin gbé jíìnì wọlé. Nígbà míì ó ń wọlé, nígbà míì kì í wọlé. Kò tíì di oògùn tí mo lè gbé lọ sí Ẹdẹ, mo sì ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá béèrè kí n tó sọ ohun mìíràn.

Ìwọ tí ò ń ka èyí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o dá nìkan pa ìrora mọ́ra. Kí Ó fún ọ lẹ́ni tí wàá fi í hàn, kí ó sì mú ọ dé ọ̀dọ̀ oníwòsàn lásìkò.