Ṣọ́ọ̀kì Tuntun fún Máṣíìnì Ìyá Alábẹ́rẹ́

Ní ọdún tó tẹ̀lé èyí tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí abiyamọ kan láti Èjìgbò títí dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn tí kò dá ìró máṣíìnì tí Fàsílátù ń gùn mọ̀. Bó bá ti ń dún bọ̀ lókèèrè, àwọn ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ jọ, àwọn ọmọ tó ti gbọ́n díẹ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí wọn yóò sá pamọ́ sí. Ìyá Alábẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ilé ìwòsàn ní Èjìgbò ló ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni láti máa gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ bá àwọn ọmọ ọwọ́ ní abúlé tí ọkọ̀ kì í sábà dé.

Obìnrin kúkúrú ni, eegun rẹ̀ le, ohùn rẹ̀ sì tóbi ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Gàníyù ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, ló rán ṣòkòtò kan fún un tó fẹ̀ bíi yẹ̀rì, tó sì balẹ̀ dé kókósẹ̀, kó lè máa gun máṣíìnì láìṣí ara sílẹ̀. Bó bá ti wé ìborùn rẹ̀ le dáadáa, tó so kúlà yìnyín tí abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn máṣíìnì, ó di ẹni tó ń lọ nìyẹn.

Ohun tó ń fún un ní wàhálà kò ju máṣíìnì náà lọ. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ dára, kì í kú lọ́nà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn nígbà náà, ihò ni níbí, yanrìn ni lọ́hùn-ún, òkúta ni níbi tí kò bá sí méjèèjì. Bí Fàsílátù bá ti jókòó, tí kúlà sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ìdí máṣíìnì á rì wálẹ̀, iwájú á fúyẹ́, ọwọ́ tó fi ń darí rẹ̀ á máa gbọ̀n. Bó bá bọ́ sínú ihò kan, á fò jáde, á tún fò lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó rántí pé ó yẹ kóun dúró.

Nínú oṣù Ẹrẹ́nà ọdún yẹn, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ sí odò kékeré kan kí èèyàn tó dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn, máṣíìnì náà fò báyìí, ó sì gbé e jù sínú koríko. Ìgúnpá rẹ̀ bó. Ìyẹn kò dùn ún tó bí ó ṣe ṣí kúlà tó rí i pé ìgò abẹ́rẹ́ méjèèje tó gbé ti fọ́ wẹ́wẹ́. Àwọn ìyá tó ti jókòó dè é láti àárọ̀ gbé ọmọ wọn padà sílé bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn, ọkùnrin kan tó ń wa ọkọ̀ níbẹ̀ wo ìgúnpá rẹ̀, ó mirí.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ o. Ọ̀rọ̀ máṣíìnì yìí, ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. Ọwọ́ yín ni kò gbà á.”

Fàsílátù gbé kúlà rẹ̀ wọlé, ó sì gba ilé lọ. Nígbà tí Gàníyù ń fi omi gbígbóná tẹ ìgúnpá náà fún un nílé, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà ní gbogbo ara rẹ̀.

“Ìyá Rùkáyátù,” ni Gàníyù wí pẹ̀lẹ́, “ṣé kò yẹ kó o sọ fún wọn kí wọ́n fún ọ ní iṣẹ́ mìíràn?”

“Bàbá Rùkáyátù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi sọ ìyẹn. Èmi ni mo wà lórí ẹ̀, mo mọ ohun tí ojú mi rí. Ọwọ́ mi kọ́. Máṣíìnì yẹn ló ń ta pọ́ún pọ́ún lábẹ́ mi bíi tata!”

Gàníyù fún aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

“Tó bá jẹ́ máṣíìnì ni, a jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Ràmọ́nù ló yẹ ká lọ.”

Mẹkáníìkì ni Ràmọ́nù. Ó ti lo ọdún méjìdínlógún ní Àbíjàn, máṣíìnì ló ń tún ṣe níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ìgbà tó sì padà sí Èjìgbò, abẹ́ igi máńgòrò kan lójú ọ̀nà Ìwó ló na páànù mẹ́rin sí tó sọ di ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ Faransé kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí Fàsílátù àti Gàníyù gbé máṣíìnì débẹ̀, Ràmọ́nù kò tilẹ̀ fọwọ́ kan sípánà.

“Ẹ gùn ún, Nọ́ọ̀sì. Ẹ jókòó bí ẹ ṣe máa ń jókòó. Kúlà yín dà? Ẹ gbé e sẹ́yìn.”

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo àárín táyà ẹ̀yìn àti páànù tó bò ó. Ìka méjì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè wọ ibẹ̀. Ó ní kí Fàsílátù sọ̀ kalẹ̀, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ìjókòó máṣíìnì náà mọ́lẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ lójijì. Ìjókòó náà gòkè, ó wálẹ̀, ó gòkè, ó wálẹ̀, ó tún gòkè.

“Ẹ rí i? Ó yẹ kó wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó padà sókè, kó dúró jẹ́ẹ́. Èyí ń jó. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ti kú pátápátá, kò sí ọ́ọ̀lì nínú ẹ̀ mọ́, sípíríǹgì tó wà lára ẹ̀ gan-an, kò ju kó gbé èèyàn kan ṣoṣo lọ. Ẹ wá gbé kúlà tó kún fún yìnyín lé e lórí! Bó bá jẹ́ èmi ni mo gùn ún lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ì bá gbé mi ṣánlẹ̀ kí n tó jìnnà tó ibi tí ẹ dé.”

“Ẹ tún un sọ, ẹ jọ̀ọ́,” ni Fàsílátù wí.

“Kí ni?”

“Pé ì bá gbé yín ṣánlẹ̀.”

Ràmọ́nù rẹ́rìn-ín, Gàníyù náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Fàsílátù kò ṣe àwàdà. Ara rẹ̀ fúyẹ́ bíi pé wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀.

Ràmọ́nù wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó gbé nǹkan méjì kan jáde tí ó wé sínú àkísà. Ó tú u. Ṣọ́ọ̀kì méjì ni, sípíríǹgì ara wọn nípọn bí àtàǹpàkò àgbàlagbà.

“Àmọ́tísọ̀ ni wọ́n ń pè é ní Àbíjàn. Ara máṣíìnì ńlá kan tí wọ́n tú palẹ̀ ni mo ti yọ ọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti kó o bọ̀, mi ò tíì rí máṣíìnì tó yẹ. Ẹ wo òrùka tó wà nísàlẹ̀ yìí: bí ẹrù bá pọ̀, ẹ ó yí i sápá ọ̀tún, sípíríǹgì á le sí i. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan, ẹ ó yí i padà.”

Sístà Rose, ọ̀gá Fàsílátù nílé ìwòsàn, ti ní kí wọ́n tún máṣíìnì náà ṣe bó bá ṣe tọ́, kó ṣáà má pa òṣìṣẹ́ òun lọ́nà. Nítorí náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Gígùn ṣọ́ọ̀kì náà bá ti tẹ́lẹ̀ mu, ihò rẹ̀ nìkan ni kò gba irin máṣíìnì náà. Ràmọ́nù fi fáìlì ha á, ó ń ha á, ó ń dán an wò, títí ó fi wọlé ṣìn-ìn.

“Vwalà! Òun nìyẹn!” ló pariwo.

Fàsílátù gùn ún lọ sí ìparí ìlú, ó sì padà pẹ̀lú ojú tó dàrú.

“Ẹ̀yìn ti gbọ́n o. Ìdí mi ò rì mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti tẹ bíréèkì, imú ẹ̀ á dorí kọlẹ̀, ọwọ́ á sì máa gbọ̀n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ!”

Ràmọ́nù fọwọ́ gbá orí ara rẹ̀. “Ẹ̀bi tèmi ni. Ẹ̀yìn ga, iwájú ṣì rọ̀. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ mọ ara wọn.”

Lọ́jọ́ kejì ó tú ọ̀pá méjèèjì tó di táyà iwájú mú. Ọ́ọ̀lì tó jáde nínú wọn dúdú, ó ṣàn bí omi. Ó gé páìpù omi kékeré sí méjì, gígùn kọ̀ọ̀kan tó ìka àárín, ó dán ẹnu wọn kó má baà gé nǹkan, ó wá fi ọ̀kọ̀ọ̀kan lé orí sípíríǹgì nínú ọ̀pá náà kí sípíríǹgì lè le díẹ̀ sí i. Ó rọ ọ́ọ̀lì tó ki sí i. Fàsílátù gùn ún, ó padà, ó ń na ọrùn ọwọ́.

“Ó ti le jù. Gbogbo òkúta ló ń kí mi.”

Wọ́n tún un tú. Ràmọ́nù gé páìpù náà kúrú, ó po ọ́ọ̀lì tó ki mọ́ èyí tó ṣàn, ó tún rọ ọ́ sí i. Fàsílátù lọ nígbà kẹta. Ó pẹ́. Gàníyù bẹ̀rẹ̀ sí í na ọrùn wo ọ̀nà. Ìgbà tí wọ́n máa rí i, ó ń sáré bọ̀, ó mọ̀ọ́mọ̀ gba inú ihò kan tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá. Máṣíìnì náà wálẹ̀, ó gòkè, ó dúró jẹ́ẹ́. Ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀ títí dé etí.

“Ó ń gbọ́ràn!” ló ń ké. “Mo bá a sọ̀rọ̀, ó ń gbọ́!”

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí iṣẹ́ gidi fi dé. Èéyi ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ kéékèèké ní àwọn oko tó yí Ifẹ̀-Ọ̀dàn ká. Ìyá àgbà kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ọmọpẹ́, tí gbogbo abiyamọ máa ń gbọ́ tirẹ̀, ti kó ìyá tó lé ní ọgọ́ta jọ síwájú ilé ìwé láti òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń gbé abẹ́rẹ́ bọ̀ láti Òṣogbo pẹ́ lọ́nà. Ìgbà tó dé Èjìgbò, aago mọ́kànlá ti lù, yìnyín inú kúlà ti yọ́ dé ìdajì, fíríìjì ilé ìwòsàn kò sì ní iná láti ọjọ́ méjì. Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò lè gbéra mọ́, rédíétọ̀ rẹ̀ ń hó.

Sístà Rose wo inú kúlà, ó wo ojú ọ̀run.

“Fàsílátù, bí yìnyín yìí bá yọ́ tán, abẹ́rẹ́ yìí ti bàjẹ́ nìyẹn. Ṣé máṣíìnì yẹn lè sáré kí ìgò má fọ́?”

“Ẹ bá mi so ó mọ́ ọn, Sístà.”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó yí òrùka ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn sápá ọ̀tún, ó wí bísímílà, ó sì tẹná sí i. Kò pẹ́ tó fi kọjá ilé epo tó wà ní ìparí ìlú. Ọ̀dà tán, ilẹ̀ pupa bẹ̀rẹ̀. Ibi kan wà níbẹ̀ tí ọ̀nà rí gbágungbàgun bíi páànù òrùlé, níbi tí eyín rẹ̀ máa ń lu ara wọn tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, táyà nìkan ló ń kùn lábẹ́ rẹ̀, òun jókòó pẹ̀sẹ̀. Ó fi kún iná. Àwọn àgbẹ̀ tó ń bọ̀ láti oko yà sínú igbó, wọ́n ń pè é, kò dáhùn. Afẹ́fẹ́ gba inú ṣòkòtò rẹ̀ wọlé, ó wú bí àpò.

Ní kọ́nà kan, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó iṣu yọ sí i lójijì, ó gba gbogbo ọ̀nà. Kò sí àyè àfi etí ọ̀nà tí ọ̀gbàrá ti gbẹ́. Fàsílátù tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Táyà iwájú bọ́ sínú kòtò, ṣùgbọ́n imú máṣíìnì náà kàn wálẹ̀, ó gbéra, ó sì ń lọ ní tààrà bíi pé ojú irin ló wà. Ọkọ̀ ti kọjá kó tó rántí láti mí.

Lẹ́yìn náà ló dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò kékeré yẹn. Ó rí koríko tí máṣíìnì gbé e jù sí lọ́jọ́ yẹn. Ó tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀, ó fi í sílẹ̀, ó gba inú ihò àkọ́kọ́, ó gba ìkejì, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Omi ta sí i lẹ́sẹ̀. Ìgbà tó gun òkè kejì ló pariwo, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kankan, ariwo ayọ̀ lásán, òun nìkan láàárín igbó.

Ọmọpẹ́ ló kọ́kọ́ rí i. “Ó ti dé! Ẹ má lọ mọ́, ó ti dé!”

Wọ́n gbé kúlà sọ̀. Fàsílátù ṣí ọmọrí rẹ̀. Yìnyín ṣì wà níbẹ̀, ègé rẹ̀ tó ẹyin. Ó yọ ìgò kọ̀ọ̀kan, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó yí i wò. Kò sí èyí tó sán.

“Ìyá Alábẹ́rẹ́,” ni Ọmọpẹ́ wí, “ṣé ẹ fò wá ni?”

“Rárá o, ìyá. Ilẹ̀ ni mo gbà.”

Ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló gún lábẹ́rẹ́ kí oòrùn tó yẹ̀. Ẹkún wọn gba gbogbo ilé ìwé kan, etí rẹ̀ sì gbà á bí orin.

Ìròyìn náà dé Èjìgbò kó tó padà. Láàárín oṣù kan, àwọn ọlọ́kadà tó ń kó iṣu àti ẹ̀gẹ́ láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn ti ń tò sábẹ́ igi máńgòrò Ràmọ́nù, gbogbo wọn ló ń fẹ́ “irú ti Nọ́ọ̀sì”. Ṣọ́ọ̀kì Àbíjàn kò sí mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ páìpù àti ọ́ọ̀lì kò nira, ó sì ń ṣe é fún wọn. Awakọ̀ tó sọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn náà ní máṣíìnì nílé. Ó wá bá Fàsílátù ní kọ̀rọ̀, ó ní kó jọ̀ọ́, kó bá òun bá Ràmọ́nù sọ̀rọ̀. Fàsílátù bá a sọ ọ́. Kò bú u, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kó dúró títí òun fi jẹ oúnjẹ òun tán.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Gàníyù fẹ́ lọ kí ìyá rẹ̀ ní ìlú Ara, kò sì rí ọkọ̀. Fàsílátù ní kó gòkè. Ó gòkè, ó di ẹ̀gbẹ́ ìyàwó rẹ̀ mú pinpin, ó di ojú. Wọ́n rìn díẹ̀. Ó la ojú kan. Ó la ìkejì.

“Ìyá Rùkáyátù,” ló wí létí rẹ̀, “ṣé bó ṣe ń sáré mọ nìyí?”