Ẹja Àrọ̀ àti Yàrá Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì wà ní kékeré, tí eyín iwájú mi ń ká lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun mẹ́ta ló ń dẹ́rù bà mí ní Ayigya, àdúgbò wa ní Kumasi nílẹ̀ Ghana: ọwọ́ ìyá mi, pàṣán máálàmù ilé kéú, àti odò tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ọwọ́ ìyá mi máa ń sinmi. Máálàmù máa ń sùn lọ́sàn-án. Odò ni kì í sùn. Bí mo bá dùbúlẹ̀ lórí ẹní, mo máa ń gbọ́ ọ láàárín èèsún, tó ń kùn bí àgbàlagbà tó ń dá sọ̀rọ̀, màá sì fa aṣọ borí.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Kumasi á rántí bí etí odò ṣe rí nígbà náà. Kí èèyàn tó débi omi, ó ní láti la àbàtà kọjá. Ilẹ̀ rírọ̀ ni, igi ògùrọ̀ àti èèsún bò ó, ó dúdú, ó ń rùn bí ewé tó rà sínú ìkòkò. Ejò wà níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ẹja àrọ̀ máa ń gòkè wá yé ẹyin sí nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀. Wọn á máa fi ikùn wọ́ gba inú koríko tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bò, àwa ọmọdé á sì dúró lókèèrè, a ó máa wo koríko tó ń mì láìsí atẹ́gùn.

Maame Yaa, ìyá arúgbó ará Asante tó ni ilẹ̀ tí bàbá mi kọ́lé sí, ló ń ṣọ́ àbàtà náà. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ju àwọ̀n síbẹ̀, kò tilẹ̀ gbọdọ̀ pọnmi níbẹ̀, títí Maame Yaa á fi po iṣu gígún mọ́ epo, tí á gbé ẹyin sísè lé e lórí, ohun tí wọ́n ń pè ní ɛtɔ, tí á sì gbé e fún odò. Nígbà tí yóò fi ṣe èyí, ẹja ti yé ẹyin tán, ọmọ wọn ti ń lúwẹ̀ẹ́. Ìyá mi tó ń kírun kì í bá wọn dé ìdí ɛtɔ. Àmọ́ tó bá ti di àsìkò yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé.

“Èmi ò bọ odò,” ló máa ń wí. “Ṣùgbọ́n àlejò ni wá nílẹ̀ yìí. Ohun tí onílé bá ní ká má tẹ̀, a ò ní tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá débẹ̀, màá fi ata sí i lójú.”

A mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà.

Láàárọ̀, lẹ́yìn tí a bá ti mu kòkó, ìyẹn ògì gbígbóná, pẹ̀lú kóòsé, àkàrà wọn, èmi ló kàn láti fọ ìkòkò ní ẹ̀yìnkùlé. Mi ò kẹ̀yìn sí àbàtà rí. Bí mo ṣe ń fi eérú ha ìdí ìkòkò ni ojú mi ń wo èèsún, tí àkèré bá sì ké lójijì, ìkòkò á bọ́ lọ́wọ́ mi. Eré àńpè tí àwa ọmọbìnrin máa ń fò, iwájú ilé la ti ń ṣe é. Lámídì àbúrò mi nìkan ni kò mọ ẹ̀rù. Gbogbo ẹ̀rù tí Ọlọ́run dá mọ́ ilé wa, èmi ni wọ́n kó o fún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ìyá mi ní kí àwa méjèèjì lọ da eérú nù. Lámídì rí koríko tó ń mì.

“Àǹtí Síkírá, wò ó, ẹja!”

Kí n tó fà á láṣọ, ó ti wọ inú rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan rì, èkejì tẹ̀ lé e. Ẹrọ̀fọ̀ mú un dé ìbàdí.

“Àǹtí, ilẹ̀ ń gbé mi mì!”

Ohùn mi kọ́kọ́ sọnù. Nígbà tó padà dé, gbogbo Ayigya ló gbọ́. Maame Yaa sáré jáde, aṣọ rẹ̀ kò tíì dúró dáadáa lára rẹ̀. Kò wọ inú ẹrọ̀fọ̀. Ó fa imọ̀ ògùrọ̀ gígùn kan wálẹ̀ láì gé e kúrò lára igi, ó tẹ̀ ẹ́ bá ọmọ náà.

“Sɔ mu! Sɔ mu den!” Dì í mú, dì í mú dáadáa.

Lámídì dì í mú. Gbòǹgbò igi yẹn kò mì. Díẹ̀ díẹ̀, Maame Yaa fà á jáde, ó gbá a létí, ó tún gbá èmi náà, ó ní, “Nsuo nyɛ agorɔ!” Omi kì í ṣe eré. Ìyá mi wẹ Lámídì, ó ní kí àwa méjèèjì kúnlẹ̀ ká gbọ́wọ́ sókè, ó sì yíjú sí ibi iná bí ẹni tí èéfín ń bá jà. Èéfín kọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ láìmọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí mo mọ̀ pé ẹ̀rù máa ń ba ìyá ẹni.

Maame Yaa kú nígbà tí a ti ń di géńdé. Kò sẹ́ni tó tún gbé ɛtɔ fún odò. Ká má parọ́, inú wa dùn. Ilé kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í da àlàpà àti lẹ́búlẹ́bú pákó síbẹ̀, wọ́n gé ògùrọ̀, àbàtà di ilẹ̀ gbígbẹ. Bàbá mi kọ́ yàrá kan lé e, yàrá tó ní fèrèsé ńlá, ibẹ̀ ló sì ń sùn títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a. Ẹja àrọ̀ kò gòkè wá mọ́. Ta ló tilẹ̀ kíyè sí i? Ẹja dídì wà ní kóòlù-sítóò, ìsọ̀ àwọn tó ń ta ẹja inú yìnyín.

Ọjọ́ burúkú èṣù gbomi mu dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Mo wà ní ìsọ̀ mi ní Krofrom, àdúgbò tí mo ń gbé báyìí ní Kumasi, òjò ń rọ̀, ìyá mi pè mí lórí fóònù. “Síkírá, omi ti wọlé,” ó wí, fóònù sì kú. Bí mo ṣe débẹ̀, mi ò lè sọ. Fèrèsé yàrá bàbá mi ni omi gbà wọlé. Mo bá ìyá mi lórí tábìlì, ó rọ̀ mọ́ irin fèrèsé, omi dé orúnkún rẹ̀ níbi tó dúró sí. Ògiri aládùúgbò wa ti wó. Ẹ̀rù gbogbo ìgbà èwe mi kò tó ìdajì ìdajì ti ọjọ́ yẹn.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Ó kọ̀. Kò pẹ́, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wá bá a. Wọ́n fẹ́ kó àlàpà kúrò, kí wọ́n gbin ògùrọ̀ àti èèsún padà, kí omi lè ní ibi tí yóò tẹ́ sí, kí ẹja sì rí ibi yé ẹyin. Àmọ́ yàrá bàbá mi ló jókòó sójú ibẹ̀ gan-an. Lámídì tó wà ní Accra fi fóònù pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìyá mi gbọ́ ọ tán, ó ní, “Ẹ wó o. Àwa la lọ jókòó sórí ẹní odò.”

Wọ́n wó o, wọ́n gbin igi. Ọdún yí, ọdún tún yí, ògùrọ̀ ga, ẹja kankan ò wá. Nígbà tí mo tún ń bẹ̀bẹ̀, ìyá mi bá mi ṣàdéhùn. “Bí àrọ̀ ò bá gòkè wá lọ́dún yìí, màá di ẹrù mi tẹ̀lé ẹ. Bó bá wá, a jẹ́ pé omi ti rí ibi sùn. Kí ẹ fi mí sílẹ̀ níbí o.”

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí bá èmi àti Ràfíátù ọmọ mi nílé ìyá mi. Nígbà tó dá, mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Omi ti bo èèsún, ó ti dé ibi tí ibùsùn bàbá mi máa ń wà. Mi ò mọ àdúrà tí n bá gbà. Bí ẹja ò bá wá, ìyá mi á bá mi lọ, n ó sì máa sùn, ṣùgbọ́n a jẹ́ pé lásán la wó yàrá bàbá mi. Níbi tí mo dúró sí, koríko mì. Atẹ́gùn kankan ò fẹ́. Ó tún mì.

Nígbà tiwa, ẹ̀rù odò ń ba ọmọdé, àgbà sì ń sùn. Lóde òní, ọmọdé ń ju ọ̀rá sódò bó ṣe wù wọ́n, àwa àgbà ni ojú wa kì í padé tí òjò bá ti ṣú. Ràfíátù rí koríko náà, ó ju bàtà sílẹ̀, ó sáré síbẹ̀. Mo la ẹnu, ohùn mi sọnù bíi ti ọjọ́ kìíní.

“Nkɔ hɔ!” Má lọ síbẹ̀!

Ìyá mi ni, lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, pẹ̀lú ohùn Maame Yaa gẹ́lẹ́. Ọmọ náà dúró gbagidi. Ìyá mi wo koríko, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín.

“Síkírá, o rí i àbí o ò rí i?”

“Mo rí i, Màámi.”

Lọ́jọ́ yẹn, èmi àti ọmọ mi nìkan la padà sí Krofrom. Òjò tún ti ń ṣú.